Ọ̀wẹ̀ Nínú Oko Táyà

Ọkùnrin gíga kan bẹ̀rẹ̀ sórí òkìtì táyà tòkunbọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá Maimunat ní Okokomaiko, ó ń fi ṣíbí ọbẹ̀ bu omi òjò inú táyà sínú abọ́ funfun. Ó bu, ó wò ó, inú rẹ̀ dùn bíi tẹni tó rí ẹran. Ẹ̀rín pa Maimunat.

"Brọ̀dá, irú ọbẹ̀ wo lẹ ń bù níbẹ̀?"

"Tanwíji ni. Èyí tó bá sùn gbalaja lójú omi ló ń di ẹ̀fọn tó ń gbé ibà. Mò ń kà wọ́n ni."

"Ẹ ń kà wọ́n? Ṣé ẹ fẹ́ pín oúnjẹ fún wọn ni?"

Àlíù lorúkọ rẹ̀, ìmọ̀ ìṣirò ló ń kọ́ ní yunifásítì Ìyànà-Ìbà. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya àlàyé sára táyà fún un: bí ẹ̀fọn bá gbé ibà lára aláìsàn kan fún ẹni tó ju ẹyọ kan lọ, ibà á máa gbilẹ̀; bí kò bá tó ẹnì kan, ibà á rọra kú tán.

"Kò dìgbà tá a bá pa gbogbo ẹ̀fọn," ó ní. "Ká ṣáà dín wọn kù tó."

Ọdọọdún ni ibà máa ń dá Maimunat dùbúlẹ̀, ó wá fìdí lé táyà, ó ń gbọ́. Kí òjò ọdún náà tó dá, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Ẹnu Àlíù ló bà á jẹ́. Ó lọ kí Alàájì Àdìó, bàbá Maimunat, lójú àwọn oníbàárà, ó ní, "Bàbá, táyà yín ló ń fún àdúgbò ní ibà."

Táyà yìí kan náà ni Alàájì fi tọ́ ọmọ. "Èmi ni mò ń sin ẹ̀fọn? Maimunat, mi ò fẹ́ rí ọmọ yìí mọ́ o!"

Maimunat sunkún títí. "Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ta ní ń sọ ọ́ lójú kọ́sítọ́mà?"

"Má bínú, olólùfẹ́ mi. Kí ni wọ́n fi ń tu bàbá ìyàwó lójú ní Ìsẹ́yìn yín?"

"Láyé àtijọ́, ọkọ ìyàwó á kó ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna. Tí bàbá bá ti bọ́ wọn, ó ti gbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò lóko."

"Wọ́n lóko," Àlíù ní. "Oko táyà ni."

Ní Sátidé, Àlíù àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Alàájì. Lẹ́yìn náà, wọ́n bọ́ sídìí iṣẹ́. Wọ́n da omi inú táyà nù, wọ́n tò wọ́n sórí pákó, wọ́n fi tàpólì bò wọ́n kí òjò má bàa wọ̀ wọ́n mọ́.

Alàájì jókòó, ó lejú koko. Maimunat dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ parí. Àlíù nu ọwọ́ rẹ̀ tó ti dúdú, ó fẹ́ máa lọ.

"Maimunat," Alàájì ké, "o wá dúró tò ń wòran! Ṣé ebi ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀wẹ̀ àna ni? Lọ dáná fún wọn!"

Maimunat sáré wọlé, omijé ayọ̀ ò jẹ́ kó ríran dáadáa. Nígbà tó fẹ́ bu ọbẹ̀, Àlíù na ṣíbí rẹ̀ sí i.

"Ẹ gbé e kúrò níbí," ó ní. "Ti tanwíji nìyẹn, ọkọ mi."