Kò Sí Nǹkan Burúkú Nínú Èyí

Fáìlì aláwọ̀ ewé ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ rí, kó tó rí obìnrin tó dì í mú. Obìnrin náà jókòó ní igun ọ́fíìsì, ó fi fáìlì náà bo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pátápátá, ó wá ń fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn yàrá tí kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Tó bá ti ka ìlà kan tán, á mí kanlẹ̀, á tún fà á wálẹ̀ díẹ̀ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ti làágùn débi pé ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn lára páálí fáìlì náà.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni. Ọkùnrin yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kó máa tún àwọn kọ̀ǹpútà wọn ṣe, kò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, wọ́n sì ti sọ ọ́ ní Oníkọ̀ǹpútà. Ó dúró sẹ́yìn àga obìnrin náà, ó wúkọ́ díẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ṣé ojú kọ̀ǹpútà yẹn ló bàjẹ́ ni?"

Àyà obìnrin náà já. "Kò bàjẹ́," ó ní. "Èmi ni mo ń bẹ̀rù ẹ̀."

Ó rò pé ọkùnrin náà á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, bí àwọn tó kù ṣe máa ń ṣe. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó ní kó ṣàlàyé fún òun.

Akọ̀wé Ẹ̀sùn ni wọ́n ń pè é. Gbogbo oníbàárà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò bá pa dé, tí òjò bá gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé, òun ni wọ́n ń kọ ímeèlì sí, òun náà ló gbọ́dọ̀ fi ohùn tútù dá wọn lóhùn. "Ẹni tínú bá ń bí gan-an, lẹ́tà ńlá ló máa fi kọ gbogbo ẹ̀ láti òkè délẹ̀," ó ní. "Ẹni tó bá fi lẹ́tà ńlá kọ̀wé, ariwo ló ń pa."

Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo ẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kì í ṣe ẹ̀rù oníbàárà ló ń mú un bo ojú kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ kejì, ímeèlì kan wọlé. Àkọlé rẹ̀ ni: "Kò sí nǹkan burúkú nínú èyí." Akọ̀wé gbé fáìlì rẹ̀, ó bo ojú kọ̀ǹpútà, ó fà á wálẹ̀. Nínú rẹ̀, Oníkọ̀ǹpútà kọ ọ́ pé: "Mo kàn ní kí n kí yín ni. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Òmíràn tún dé lọ́jọ́ kẹta, pẹ̀lú àkọlé kan náà. Bẹ́ẹ̀ ló ń wá lójoojúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Akọ̀wé ṣí ọ̀kan nínú wọn láìgbé fáìlì, ó sì kà á tán kó tó kíyè sí i pé òun kò bẹ̀rù. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo fáìlì náà lórí tábìlì.

Èmi ò ní parọ́ fún yín: ara kọ̀ǹpútà obìnrin yìí yá gágá, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí oníṣègùn rẹ̀ kì í bẹ̀ ẹ́ wò.

"Kí ló tún ṣe kíbọọ̀dù mi?" Akọ̀wé á bi í.

"Kò tíì ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó má baà bẹ̀rẹ̀."

"O ò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ni?"

"Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí." Á wá tẹ bọ́tìnì kan, á mi orí bíi dókítà, Akọ̀wé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Báyìí ni "ẹ̀yin" ṣe di "ìwọ" láàárín wọn, tí "ìwọ" náà sì di "olólùfẹ́ mi" nígbà tí kò bá sẹ́ni nítòsí.

Ní oṣù kẹjọ tí wọ́n ti mọra, wọ́n jókòó lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń fági, níbi tí wọ́n ń gbé ilẹ̀kùn tuntun tì sára ògiri kí ọ̀dà wọn lè gbẹ. Oníkọ̀ǹpútà sọ ọ̀rọ̀ tó ti há a lọ́fun láti àárọ̀. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ.

Ojú Akọ̀wé kọ́kọ́ mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ló ṣú. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ó ní. "Ṣùgbọ́n bàbá nìkan ni mo ní láyé, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò lè gba ilé rẹ lọ bí ọmọ tí wọ́n rí he. Láìsí ẹnu bàbá mi níbẹ̀, mi ò lè ṣe é."

Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, abẹ́ tábìlì ìránṣọ ló dàgbà sí, láàárín ègé aṣọ. Nígbà tó rí iṣẹ́ yìí ní ìlú òkèèrè, bàbá kò ní kó má lọ, ó kàn dákẹ́. Kò ju oṣù méjì lọ tí ímeèlì kan dé láti ọ̀dọ̀ bàbá, lẹ́tà ńlá látòkè délẹ̀: "ṢÉ O TI GBÀGBÉ MI NI? WÁ SÍLÉ. MO NÍ Ọ̀RỌ̀ BÁ Ọ SỌ." Lọ́jọ́ yẹn gan-an, oníbàárà mọ́kànlá ti fi lẹ́tà ńlá bú u. Ó dá bàbá lóhùn pé: "Bàbá, ẹ má pariwo mọ́ mi mọ́." Ó sì ṣe òfin kan sórí ímeèlì rẹ̀, pé lẹ́tà yòówù tó bá ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, kó máa bọ́ sínú àpò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má ṣe hàn.

"Títí inú mi á fi rọ̀ ni mo ní lọ́kàn. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ kó gbogbo kọ̀ǹpútà àtijọ́ dà nù, òfin mi náà bá wọn lọ. Mo wá ń retí bàbá lórí kọ̀ǹpútà tuntun. Ọdún mẹ́ta rèé. Kò kọ nǹkan kan. Fóònù ẹ̀ kò lọ. Ẹ̀rù sì ń bà mí láti lọ kan ilẹ̀kùn tí wọ́n lè má ṣí fún mi." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Láràárọ̀ ni mò ń rò ó pé òní ni. Bí kì í bá ṣe èpè láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, á jẹ́ lẹ́tà àjèjì kan tó máa sọ fún mi pé ó ti kú."

Oníkọ̀ǹpútà mọ ohun tí Akọ̀wé kò mọ̀. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kì í gbé inú kọ̀ǹpútà. Ọ̀dọ̀ ímeèlì fúnra rẹ̀ ló ń gbé, kọ̀ǹpútà yòówù tí ẹ bá lò, ó ń bá yín bọ̀.

Kò lè sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ èpè ló kún inú àpò yẹn, òun ló máa dà bí ẹni tó gbé e wá. Bó bá sì ṣófo, ìgbà kejì nìyẹn tí bàbá máa kọ̀ ọ́. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá sídìí tábìlì Akọ̀wé, ó sọ ọ́.

Akọ̀wé wá àpò náà títí ó fi rí i nísàlẹ̀, níbi tí kì í wò. Nọ́ńbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: mẹ́tàdínlógójì, kò sí èyí tí wọ́n ṣí nínú wọn. Èyí tó kẹ́yìn ti pé oṣù mẹ́rin.

"Oṣù mẹ́rin," ó ní. "Kí ló dé tó fi dáwọ́ dúró?"

"Ká wo èyí tó kẹ́yìn?"

"Rárá. Bó ṣe kọ wọ́n tẹ̀ léra ni màá ṣe kà wọ́n." Ó na fáìlì sí ọkùnrin náà. "Bá mi dì í mú. Ọwọ́ mi ò gbà á."

Oníkọ̀ǹpútà bo ojú kọ̀ǹpútà, ó fa fáìlì wálẹ̀ ní ìlà kan. Lẹ́tà ńlá. Akọ̀wé di ojú rẹ̀, ó tún là á.

"ỌMỌ MI, MI Ò PARIWO MỌ́ Ọ. OJÚ LÓ Ń ṢE MÍ. LẸ́TÀ KÉKERÉ KÌ Í HÀN SÍ MI MỌ́. Ọ̀RỌ̀ TÍ MO FẸ́ BÁ Ọ SỌ NÌYẸN. MÁ JẸ́ KÍ ÀWỌN ONÍBÀÁRÀ MI GBỌ́."

Akọ̀wé rántí ọjọ́ tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ, tí bàbá ní kó bá òun fi òwú sí abẹ́rẹ́, tó ní iná ilé kò mọ́lẹ̀ tó. Ọ̀sán gangan ni. Ó bú sẹ́kún. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti ba bàbá tó bí i.

Wọ́n kà wọ́n títí di ọ̀sán. Bàbá sọ̀rọ̀ òjò, ó sọ̀rọ̀ fóònù rẹ̀ tó bọ́ sómi, ó sọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì kan tí òun rán tí apá rẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù ni àṣìtẹ̀ ń pọ̀ sí i. Èyí tó kẹ́yìn kúrú gan-an: "MI Ò RÍ OHUN TÍ MÒ Ń TẸ̀ MỌ́. BÍ O KÒ BÁ GBỌ́ LÁTỌ̀DỌ̀ MI, MÁ RÒ PÉ INÚ Ń BÍ MI."

Ní Sátidé, wọ́n wọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Akọ̀wé ní òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí òun padà. Nígbà tí wọ́n dé ojú pópó náà, ṣọ́ọ̀bù bàbá wà ní títì, àgádágodo rẹ̀ ti dípẹtà, wọ́n sì ti yọ pátákó iwájú rẹ̀. Akọ̀wé fọwọ́ kan àgádágodo náà. "Mo pẹ́ jù," ó ní, "mo pẹ́ jù."

"Dákẹ́ ná," ni Oníkọ̀ǹpútà wí. "Gbọ́."

Láti ẹ̀yìn ilé, ẹ̀rọ ìránṣọ kan ń dún. Wọ́n yí lọ síbẹ̀. Bàbá arúgbó kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rán etí ìrọ̀rí, ìka rẹ̀ ló fi ń wá ọ̀nà fún abẹ́rẹ́, ìránṣọ náà sì tọ́ bí ìlà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

"Má sọ̀rọ̀," ó ní. "Mo mọ ìrìn yẹn." Ó yíjú sọ́dọ̀ Akọ̀wé. "Ṣé lẹ́tà mi dé?"

"Ó pẹ́, Bàbá, ṣùgbọ́n ó dé." Akọ̀wé ti kúnlẹ̀, ó fi orí lé itan rẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi."

"Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba," bàbá wí, ó ń fọwọ́ pa orí rẹ̀. "Ta lẹni kejì tó ń mí gúlegúle lẹ́yìn rẹ yẹn?"

"Òun ló bá mi rí àwọn lẹ́tà yín, Bàbá."

Lọ́jọ́ yẹn, Oníkọ̀ǹpútà tún kọ̀ǹpútà bàbá ṣe, lẹ́tà orí rẹ̀ tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi ohùn sí i tó ń ka ohun tí bàbá bá tẹ̀. Akọ̀wé náà ròyìn fún bàbá nípa àwọn ímeèlì tí Oníkọ̀ǹpútà ń kọ sí òun, àti àkọlé tó máa ń wà lórí wọn. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń làágùn, ó sọ ohun tó bá wá. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "A kì í fi ìkánjú dá irú ọ̀rọ̀ yìí lóhùn," ó ní. "Màá kọ̀wé sí ọ."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá. Oníkọ̀ǹpútà kò mọ adùn oúnjẹ mọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó rìn wá sídìí tábìlì Akọ̀wé.

"Ó ti dé," ó ní. "Jọ̀ọ́, yá mi ní fáìlì rẹ."

Akọ̀wé wò ó, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba òun náà. Ó gbé fáìlì fún un. Wọ́n jọ jókòó, ọkùnrin náà bo ojú kọ̀ǹpútà, ó ń fà á wálẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

"MO TI RÒ Ó DÁADÁA."

Ó mí kanlẹ̀, ó tún fà á.

"MI Ò LÈ FI ỌMỌ MI FÚN Ọ,"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò lè fà á mọ́. Akọ̀wé ló na ọwọ́, tó gba fáìlì náà lọ́wọ́ rẹ̀, tó gbé e kúrò pátápátá.

"ÀFI TÍ O BÁ ṢÈLÉRÍ PÉ YÓÒ MÁA ṢÍ LẸ́TÀ MI NÍ ỌJỌ́ TÓ BÁ DÉ. ẸNI TÓ MÚ Ọ̀RỌ̀ MI DÉ ETÍ ỌMỌ MI, ỌMỌ MI NI. Ẹ̀YIN MÉJÈÈJÌ, Ẹ MÚ ỌJỌ́. MO TI Ń RÁN AṢỌ YÍN, ẸNÌKAN LÓ Ń BÁ MI FI ÒWÚ SÍ ABẸ́RẸ́."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó rí àkọlé rẹ̀ lókè, èyí tí ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí ọkùnrin náà kà. "KÒ SÍ NǸKAN BURÚKÚ NÍNÚ ÈYÍ," ni bàbá kọ síbẹ̀.

Akọ̀wé fi lẹ́tà ńlá dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, kó lè rí i kà. Fáìlì aláwọ̀ ewé náà, ó kó ìwé ẹ̀sùn sínú rẹ̀.