Ẹ Jọ̀ọ́ Bàbá, Ẹ Dìde Díẹ̀

Ẹsẹ̀ obìnrin ni onígbàjámọ̀ kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ méjèèjì yọ síta lábẹ́ mọ́tò bàbá rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ kan pupa, èkejì aláwọ̀ ewé, orin sì ń ti abẹ́ ibẹ̀ bọ̀. Nígbà tí ẹlẹ́sẹ̀ náà jáde, ọ́ìlì ti kun imú rẹ̀ dúdú. Ó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gbàgbé ìkíni. Ẹ má dá a lẹ́bi, imú dúdú a máa dùn ún wò nígbà mìíràn.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ya fọ́tò tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì?" obìnrin náà béèrè.

"Èmi ni. Bàbá mi ló ni mọ́tò."

"Ẹ ṣe dáadáa. Ìka yín ló kàn hàn nínú mẹ́ta."

Yíyẹ mọ́tò wò ni iṣẹ́ obìnrin náà. Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò àtijọ́ alágbára, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bú ramúramù tí ìwọ̀nba díẹ̀ sì kù láyé, òun ni wọ́n ń rán lọ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ayédèrú pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ju ojúlówó lọ.

Bàbá, tó fẹ́ ta mọ́tò náà torí ojú rẹ̀ kò gbé ọkọ̀ wíwà mọ́, jókòó digbí sórí àga ẹ̀yìn inú rẹ̀. "A kì í fárí lẹ́yìn olórí," ló wí. "Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ."

Ọjọ́ mẹ́ta ni obìnrin náà fi wá. Onígbàjámọ̀ ń gbé omi wá, ó ń di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ń béèrè ohun tí kò kàn án. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, ọkàn rẹ̀ sì ti lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà pátápátá.

Àmọ́ nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì àti ti ara ilẹ̀kùn kò bára mu, ìpẹtà sì ti jẹ nọ́ńbà kẹta tó wà lábẹ́ mọ́tò. Obìnrin náà sunkún, ó sì kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì: Ayédèrú ni.

"Ogójì ọdún ni mo fi wà á!" Bàbá fi ìbínú pariwo. "Ọmọbìnrin yẹn ò gbọdọ̀ tẹ ilé mi mọ́. Bó o bá máa fẹ́ ẹ, kì í ṣe lójú mi!"

Ọ̀sẹ̀ yẹn, onígbàjámọ̀ fá ìdajì irunmú oníbàárà kan dànù. Ìyá rẹ̀ ló ṣàánú rẹ̀, ó fà á sí kọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ọwọ́ mi ni. Mo ń kọ́ mọ́tò wíwà nígbà tí bàbá yín rìnrìn àjò. Mo fi ilẹ̀kùn gbá ògiri. Ara mọ́tò mìíràn ni wọ́n ti yọ eléyìí wá. Bàbá yín ò mọ̀ títí dòní."

Onígbàjámọ̀ pe olólùfẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó sọ ohun tí ìyá rẹ̀ wí fún un.

"Mo ti gbé," ni obìnrin náà wí. "Àwọn tó ṣe mọ́tò yẹn máa ń fi ìwé tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sáàárín sípíríìngì àga ẹ̀yìn. Mi ò wo ibẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Bàbá jókòó lé e! Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá àgbà dìde?"

Ní ọjọ́ kejì, obìnrin náà kúnlẹ̀ lẹ́bàá mọ́tò tí Bàbá jókòó sí. "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ dìde díẹ̀. Mo ṣi ẹjọ́ yín dá."

Bàbá wò ó títí, ó sì dìde. Ìwé náà wà níbẹ̀, eku ti jẹ etí rẹ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sì wà lórí rẹ̀ gbangba. Lójú gbogbo wọn ló ti kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀: Ojúlówó ni, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni wọ́n pààrọ̀. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe.

"Ẹni tó lè dá ara rẹ̀ lẹ́bi ní gbangba kò ní í tan ọmọ mi jẹ," Bàbá sọ. Ó wá yíjú. "Ilẹ̀kùn wo lẹ ní wọ́n pààrọ̀?" Ìyá ti wọlé lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, onígbàjámọ̀ jókòó sórí àga oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, obìnrin náà sì dúró tì í. "Olówó orí rẹ ni mo fẹ́ jẹ́. Ó yá, yẹ èmi náà wò."

Obìnrin náà ṣí ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ó wo etí onígbàjámọ̀, ó wo àgbọ̀n rẹ̀. "Ṣé wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan kan?"

"Eyín kan, lápá ọ̀tún."

"O ò purọ́."

"Kọ ọ́ sínú ìwé pé ojúlówó ni mí nígbà náà, kó o sì fẹ́ mi."

Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màá fẹ́ ọ. Ìwé ni mi ò ní kọ. Tí mo bá kọ ọ́, ẹlòmíì á wá bá mi dù ọ́."