Mo Dúró fún Adéoyè

Àwòrán ńlá kan wà lára ògiri ọ́fíìsì ìrìn-àjò tí mò ń nu ilẹ̀ rẹ̀ ní Karama, nílẹ̀ Lárúbáwá, lọ́dún 2009. Ojú ọ̀run dúdú ni, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé sì tẹ́ lọ rẹrẹ lójú rẹ̀. Mò ń nu gíláàsì rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Ẹ rọra o, sister. Ẹ má bá wa nu iná ojú ọ̀run kúrò."

Mo rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́ta gbáko ni n kò ti rẹ́rìn-ín. "Iná kẹ̀? Mo rò pé wọ́n kùn ún ni."

"Iná ni, ní Nọ́wè. Màá mú yín lọ wò ó."

Adéoyè ni orúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ kan náà ló gbà wá síṣẹ́. Àwa obìnrin mẹ́jọ là ń sùn sí yàrá kan ní Al Nahda, ní Sharjah, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo sì ń wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo fẹ́ràn rẹ̀ tán, ìdájí ò le mọ́.

Ọrọ̀ ajé dojú dé, ọ́fíìsì náà kógbá sílé. Ọ̀gá ibẹ̀ ní àyè ìrìn-àjò méjì tí àwọn oníbàárà pa tì, ó fi ta Adéoyè lọ́rẹ: Nọ́wè, ọjọ́ márùn-ún, oṣù kẹrin 2010. A ra ẹ̀wù òtútù méjì lọ́jà àlòkù. A wọ̀ wọ́n nínú ooru, a làágùn, a rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ iléeṣẹ́ ni pásípọ́ọ̀tù gbogbo wa wà. Kí ẹnì kan tó gba tirẹ̀, òṣìṣẹ́ mìíràn gbọ́dọ̀ dúró fún un. Bí ẹni tó lọ ò bá padà lọ́jọ́ tó dá, pásípọ́ọ̀tù onídùúró rẹ̀ ò ní jáde. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi Làmídì, tó ń wa bọ́ọ̀sì fún wọn, pé kó dúró fún mi.

"Kí n dúró kí ọmọ ìyá mi tẹ̀lé Kìrìsìtẹ́nì tí bàbá wa ò mọ̀ lọ sínú yìnyín? Kàfáyàt, ṣé orí ẹ pé?"

Kò sí ẹlòmíràn tó lè dúró fún mi. Ìyá mi ń ṣàìsàn nílé, pásípọ́ọ̀tù mi sì ni ọ̀nà mi sọ́dọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, mo dúró fún Adéoyè.

"Lọ," mo ní. "Bá àwa méjèèjì wò ó."

Ó pè mí láti Nọ́wè lọ́jọ́ Túsìdeè. "Kàfá mi, iná náà ń mì bí aṣọ tí wọ́n sá sínú atẹ́gùn. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ."

"Pariwo! Òtútù ti dí mi létí."

Mo pariwo. Gbogbo yàrá jí, wọ́n bú mi dáadáa. Inú mi dùn.

Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kó dé. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló pè. "Bàálù ò gbéra. Òkè kan ń yọ iná ní Áísíláǹdì, eérú rẹ̀ ti gba ojú ọ̀run."

Mo sọ fún Làmídì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú fún ẹ̀rín.

"Iná, nínú ilẹ̀ yìnyín? Kò tiẹ̀ mọ irọ́ pa! Habibi ẹ, olólùfẹ́ ẹ, ti sá lọ." Lẹ́yìn náà ó wo aago. "Bí wọ́n bá pè wá nípa Màmá ńkọ́? Aago kan ni ọ́fíìsì ń tì lónìí, ó di Sọ́ńdè kí wọ́n tó tún ṣí i."

Ọ̀gá òṣìṣẹ́ gbé ìwé kan síwájú mi. Bí mo bá fọwọ́ sí i pé Adéoyè sá lọ, wọ́n á dá mi sílẹ̀, wọ́n á sì fún mi ní pásípọ́ọ̀tù mi. Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nílé oúnjẹ kan ní Karama, mo rí òkè náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Yìnyín yí i ká, èéfín ń rú látorí rẹ̀, àwọn èèyàn sì sùn sílẹ̀ káàkiri pápákọ̀ òfuurufú. Òótọ́ ni Adéoyè sọ.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì, mo ní mo fẹ́ gba ìwé náà padà.

"Khalas, ó ti parí," ni ọ̀gá wí. "Ìwé ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba."

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ni Adéoyè balẹ̀, wọ́n sì mú un ní pápákọ̀ òfuurufú. Fóònù ẹlòmíràn ló fi pè mí.

"Kàfá, wọ́n ní mo sá lọ. Wọ́n ń dá mi padà sí Èkó, n kò sì gbọdọ̀ wọ ibí mọ́. Ta ló fọwọ́ sí irú ìwé yẹn?"

"Èmi ni."

Ó tún bi mí:

"Pásípọ́ọ̀tù ẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti fún ẹ?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Ó dáa. Bá mi kí Màmá."

Ó pa fóònù. Mo pe nọ́ńbà rẹ̀ ti Èkó fún oṣù mẹ́sàn-án. Kò gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.