Kálípà Onílà Mẹ́ta

Ọkùnrin tó gbé ọkọ̀ wá ní ọ̀nà jíjìn ni òun ti wa ọkọ̀ bọ̀ láìdúró, àmọ́ nígbà tí Ìyá Bírékì, obìnrin tó ń tún bírékì ṣe, fọwọ́ kan irin ẹ̀yìn táyà, ó tutù nini. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń jó páànù ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé ẹ wà á wá ni, àbí orí lẹ fi rù ú?"

"Mo wà á wá, Màmá." Kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá Bírékì tú kálípà, irin tó máa ń fún àwo táyà mú kí ọkọ̀ tó dúró. Písítìn, irin inú rẹ̀ tó ń ti bírékì, ti gan. Bó ṣe fipá yọ ọ́, yanrìn tútù dà sí i lọ́wọ́. Ara irin náà ló ti rí ilà mẹ́ta tí òun fúnra rẹ̀ máa ń fi ìṣó fà sára kálípà tó bá tún ṣe. Ó rí rọ́bà tó ń dí písítìn náà pẹ̀lú: ògbólógbòó tó fọṣẹ fọ̀, tó dá padà, tó sì sọ fún oníbàárà pé tuntun ni. Kò sí oníṣẹ́ bírékì tí kò mọ̀ pé irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ lè mú kí bírékì kọ̀. "À ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ojú kì í sì í tì wá!" ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀.

Ó fi rọ́bà tuntun sí i, ó dá kálípà padà.

"Ẹni tó bá tún bírékì ṣe ló ń kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà," ọkùnrin náà sọ jẹ́jẹ́. "Àbí kì í ṣe bí ẹ ṣe ń ṣe é nìyẹn?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó fẹ́ sá, àmọ́ kó tó mọ̀, ó ti bá ara rẹ̀ nídìí ọkọ̀, ọkùnrin náà sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń júwe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sódò. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n dé omi, ó tẹ bírékì. Ó mú ṣinṣin.

Omi ń kán ní etí ṣòkòtò ọkùnrin náà. "Ibí ni bírékì ti kọ̀ fún wa."

Ìyá Bírékì fa háńbírékì, bírékì tí wọ́n ń fọwọ́ fà, ó rọ̀ bí okùn. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn, kò sí.

"Ọmọ ìyá mi, ẹ ṣàánú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ má gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bírékì, Màmá. Tí ẹ bá gbé e, gbogbo wa la jọ ń lọ sínú omi."

Ohùn obìnrin kan dìde láti ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí kò sẹ́nì kankan nígbà tí wọ́n ń bọ̀. "Ṣé òun náà rè é?"

"Òun ni. Jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́."

Ẹsẹ̀ ọ̀tún Ìyá Bírékì ti ń gbọ̀n.