Eyín Inú Tíṣù

Ìyá Kai Ning kò tíì dé ìdí tábìlì náà tó ti ju àpò tíṣù lé e lórí. Tíṣù bọ́ sí àárín gbùngbùn. Ọkùnrin kan tó gbé abọ́ nudù lọ́wọ́, tó ti ń bẹ̀rẹ̀ láti jókòó, wo tíṣù, ó sì nàró padà.

“Ẹ má bínú o,” ni ìyá Kai Ning wí, “a ti gba ibẹ̀.”

“Tíṣù ló gbà á, kì í ṣe ẹ̀yin,” ni ọkùnrin náà fèsì, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ. Kí ló fẹ́ ṣe? Ní Sìǹgápọ̀, ẹni tó bá fi tíṣù lé tábìlì ló ni tábìlì. Ẹni tó bá fẹ́ jà, kó lọ bá tíṣù jà.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni. Ọgbà bùkà tó wà nísàlẹ̀ ilé wọn kún fọ́fọ́, èéfín ẹran sísun ń ta gbogbo ènìyàn lójú. Ọjọ́ kejì ni àbúrò bàbá Kai Ning, àbíkẹ́yìn ìyá wọn, fẹ́ gbéyàwó. Ilé ti dàrú, kò sẹ́ni tó rójú dáná. Bàbá Kai Ning wà lọ́dọ̀ ọkọ ìyàwó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn obìnrin mẹ́ta péré ló sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun: Kai Ning, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyá rẹ̀, àti Àmá, ìyá bàbá rẹ̀.

Àmá ni ìgbéyàwó náà dúró lé. Tọkọtaya yóò kúnlẹ̀, wọn yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife tíì fún un, yóò mu ún, yóò sì súre. Àmá ti ń fi ìre náà dánra wò láti ìjọ́ tó ti pẹ́. Ó ń sọ ọ́ nínú ilé ìwẹ̀, ó ń sọ ọ́ níwájú jíǹgí, ó ń sọ ọ́ fún òdòdó inú ìkòkò.

Ó bu nudù ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ jẹ díẹ̀, ó sì dákẹ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó yọ eyín àtọwọ́dá rẹ̀, ó wé e sínú tíṣù kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eyín yẹn sínú àpamọ́wọ́ yín,” ni ìyá Kai Ning bẹ̀ ẹ́.

“Ata ti wọ abẹ́ rẹ̀. Jẹ́ kó sinmi,” ni Àmá wí. “Òun náà ti ṣiṣẹ́.”

Ara Kai Ning bù máṣọ, nítorí ó ti rí Rui Qi. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni Rui Qi, àwọn tó kù sì máa ń tẹ̀ lé e bí adìyẹ ṣe ń tẹ̀ lé ẹni tó gbé àgbàdo dání. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ń bọ̀ yìí. Kai Ning gbàdúrà kí wọ́n má rí Àmá tó ń fi ẹnu òfìfo pọ́n nudù lá.

Orí bá a ṣe é. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ti dìde láti mú Àmá lọ fọ ọwọ́. “Dúró ti tábìlì o,” ni ìyá rẹ̀ wí.

Rui Qi dé. “Ṣé ìwọ nìyí? A fẹ́ lọ mu tíì oníwàrà. Ìlà ibẹ̀ ti ń gùn. Tó o bá ń bọ̀, máa bọ̀. Tó bá jẹ́ ìyá àgbà lo fẹ́ ṣọ́, a kí ọ kú iṣẹ́.”

“Ta ní ń ṣọ́ ìyá àgbà?” ni Kai Ning wí. “Ẹ jẹ́ kí n gbé àwo wọ̀nyí kúrò ná.”

Ìjọba ti ṣòfin, pẹ̀lú owó ìtanràn, pé kí ẹni tó bá jẹun gbé àwo rẹ̀ padà. Kai Ning kó abọ́, igi ìjẹun àti gbogbo tíṣù tó rí sórí àwo pẹrẹsẹ kan ṣoṣo. Ó sáré gbé e lọ sí ibi ìkáwo tó sún mọ́ ọn jù. Kò wo iwájú, kò wẹ̀yìn. Rui Qi nìkan ló ń wò, kó má lọọ fi òun sílẹ̀.

Bó ṣe ń padà bọ̀ ni Àmá ń padà bọ̀.

“Tíṣù mi dà?” ni Àmá béèrè.

“Tíṣù wo?”

“Èyí tí eyín mi wà nínú rẹ̀.”

Rui Qi wà níbẹ̀, ó ti ń múra láti rẹ́rìn-ín. Kí Kai Ning tó ronú, irọ́ ti jáde: “Bàbá tó ń palẹ̀ mọ́ ló kó gbogbo ẹ̀ lọ. Mo rí wọn.”

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èyí mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn.

Bàbá Heng ni wọ́n ń pe bàbá náà. Ìyá Kai Ning tọ̀ ọ́ lọ.

“Èmi kẹ̀?” ni bàbá náà wí. “Mi ò tíì dé ìhà tiyín rárá.”

Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́, ó dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ní ìbàdí. Ọmọ kékeré ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti ọmọ Bàbá Heng. “Bàbá, wọ́n ti fẹjọ́ yín sùn mí tẹ́lẹ̀. Tí eyín ìyá yìí bá sọnù, ẹ má wulẹ̀ wá síbi iṣẹ́ lọ́la.”

Bàbá Heng kò jiyàn mọ́. Ó fa àpò ìdọ̀tí dúdú ńlá kan jáde, ó tú u sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Àmá fi ọwọ́ bo ẹnu. “Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ẹ sọ fún wọn lọ́la pé ara mi ò yá. Mi ò ní fi ẹnu òfìfo súre fún ọmọ mi.”

“Wọ́n ti ń wá a,” ni Rui Qi sọ sí Kai Ning létí. “Jẹ́ ká lọ.”

Kai Ning tẹ̀ lé e. Ó bojú wẹ̀yìn. Bàbá Heng ń mú tíṣù tí gbogbo ayé fi nu imú, ó ń tú u lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ọbẹ̀ ń sàn wọ inú apá aṣọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ Kai Ning kọ̀, kò lọ mọ́.

“Kì í ṣe Bàbá,” ni ó wí.

Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó tún un wí, ó gbé ohùn sókè: “Kì í ṣe Bàbá. Èmi ni mo gbé àwo yẹn. Mo purọ́ mọ́ wọn ni.”

Ìyá rẹ̀ wò ó, ó ní: “Nílé la ó ti sọ tìẹ.”

Rui Qi bú sẹ́rìn-ín, ó yọ fóònù láti ya fọ́tò. “O gbé eyín ìyá àgbà dànù?”

“Yà á dáadáa,” ni Kai Ning dá a lóhùn. “Má gbàgbé láti kọ orúkọ mi sí i.”

Bàbá Heng nìkan ni kò bínú. Ó nàró díẹ̀díẹ̀, ó sì béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè: “Ibo lo gbé e sí?”

Kai Ning nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òpó. Gbogbo wọn wo ibẹ̀. Wọ́n rí pátákó aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ hàlálì sí. Ìyá Kai Ning ká ọwọ́ lérí.

“Nudù ẹlẹ́dẹ̀ lo gbé lọ síbẹ̀?”

Ọmọdé tó ń fà lórí ilẹ̀ mọ̀ ọ́n ní ọgbà bùkà: àwo àwọn Mùsùlùmí ní ibi tiẹ̀, tàwọn yòókù ní tiwọn, a kì í pa wọ́n pọ̀. Nítorí àtilọ mu tíì oníwàrà, Kai Ning pa wọ́n pọ̀.

Màmá Rohana, tó ń bójú tó ìhà ibẹ̀, ti dúró ti àwo náà, ó fọwọ́ lérán.

“Ẹ káàbọ̀,” ni ó wí. “Ta ló gbé ẹlẹ́dẹ̀ wá bá mi lálejò?”

“Èmi ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Ṣé àwọ̀ ewé ni kò hàn sí ọ, àbí kíkà ni o ò mọ̀ ọ́n kà? Mi ò fọwọ́ kàn án o. Mo ránṣẹ́ pe Heng kó wá gbé ẹrù rẹ̀, ó ní kí n ní sùúrù, òun ń wá eyín.”

Àwo náà wà bí Kai Ning ṣe gbé e kalẹ̀: abọ́, igi ìjẹun, tíṣù. Ó mú èyí tó wúwo jù nínú tíṣù náà, ó tú u. Eyín Àmá ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ìyá Kai Ning jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn, kò tilẹ̀ wò ó bóyá tíṣù wà lórí tábìlì ibẹ̀. Bàbá Heng mí kanlẹ̀. Ẹni tó ń ta kọfí bu omi gbígbóná wá, wọ́n ṣan eyín, Àmá kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó fi í sẹ́nu, ó yí padà, ó sì fi ìre ọ̀la dán an wò.

“Ẹ ó bímọ lémọ. Ẹ ó jọ dàgbà. Orí ẹ̀yin méjèèjì yóò jọ funfun.” Gbogbo rẹ̀ jáde geere.

Ọkùnrin tí wọ́n gba tábìlì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wà nítòsí, ó ṣì gbé abọ́ dúró. “Tíṣù ẹbí yín yìí lágbára,” ni ó wí. “Ó ń tọ́jú tábìlì, ó ń tọ́jú eyín.” Àmá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì la ẹnu gbàgà, kó lè rí i dájú pé eyín náà dúró.

Kai Ning lọ bá ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó sọ ọ́ kó yé e pé Bàbá Heng kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọ̀gá wúkọ́, ó ní òun ti gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin yìí ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó bá Bàbá Heng kó ìdọ̀tí padà sínú àpò. Rui Qi ti lọ sórí ìlà rẹ̀. Kai Ning kò tilẹ̀ mọ ìgbà tó lọ.

“Ọwọ́ rẹ yóò rùn,” ni Bàbá Heng wí.

“Tiyín náà ń rùn, Bàbá.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tọkọtaya kúnlẹ̀. Kí Àmá tó gba tíì, ó wo ìhà ọ̀dọ̀ Kai Ning, ó fi ìka kan eyín rẹ̀, ó sì súre.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ronú sí i. Ká ní Kai Ning di irọ́ rẹ̀ mú, wọn ì bá tú gbogbo àpò dúdú ọgbà náà tán. Bàbá Heng ì bá pàdánù iṣẹ́, Àmá ì bá dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, eyín ì bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Rohana láìsọnù. Irọ́ a máa rán gbogbo ilé lọ wá nǹkan níbi tí kò sí. Ẹni tó gbé e nìkan ló mọ ibi tó gbé e sí. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, tètè sọ ọ́.