Àkọsílẹ̀ Tí Kò Yẹ Kó Jáde

Ẹ lè rẹ́rìn-ín bó bá wù yín, ṣùgbọ́n mi ò bu iyọ̀ sí i. Ó ṣẹlẹ̀ ní Winnipeg, lójú ọ̀sán, nígbà tí yìnyín bo fèrèsé ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn.

Signy jókòó síbi tí Lorne máa ń jókòó tẹ́lẹ̀. Lorne ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ọdún méjì rèé tí wọ́n ti sin ín, síbẹ̀ òórùn kọfí rẹ̀ dà bí àná. Nígbà ayé rẹ̀, bó bá ti parí ọ̀rọ̀, á fìka gbá tábìlì lẹ́ẹ̀mejì: kó, kó.

“Ọmọ Thorlakson,” a máa wí fún Signy, “kóòdù ni kó o kó sínú àká tí gbogbo wa jọ ń lò. Àká á kọ orúkọ ẹni tó kó o wá. Èyí tó ò ń bá ara rẹ sọ, inú kọ̀ǹpútà tìẹ ni kó gbé. Ta ló ń sá pátá sí gbangba ọjà?”

Fáìlì ìkọ̀kọ̀ Signy kò jáde rí.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n fẹ́ lé Oksana, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kóòdù kan tí wọ́n kọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ti da orúkọ àwọn aláìsàn rú. Orúkọ Oksana ni àká kọ sí i.

“Ọ̀gá, èmi kọ́,” ni Oksana wí.

“Àká kì í parọ́,” ni Dwayne, ọ̀gá wọn, wí. “Máa palẹ̀ ẹrù mọ́.”

“Àká ò lójú. Ẹ̀yin lẹ lójú!” Signy fọhùn.

“Ìwọ náà fẹ́ bá a lọ?”

Signy ṣí fáìlì ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, kó lè kọ ohun tó ń bí i nínú síbẹ̀. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́.

“Oksana kọ́. Èmi ni. Ọjọ́ tó lọ yọ eyín ni. Kọ̀ǹpútà mi kú, mo lo tirẹ̀, mo gbàgbé láti yí orúkọ padà. L.”

Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná dákẹ́. Oṣù tó kọjá ni wọ́n ra kọ̀ǹpútà Signy. Lorne kò fọwọ́ kàn án rí.

Ìkọ̀kọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí òfin Lorne ni wọ́n á ṣe rẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ ẹni jẹ?

“Bàbá, ẹ máà bínú,” ó sọ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni ń bá Lorne sọ̀rọ̀. Ó fi ìlà náà sínú àká.

Dwayne kà á. Ó yẹ ìwé ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ wò. Ọjọ́ tí wọ́n kọ kóòdù náà gan-an ni Oksana gbàyè lọ yọ eyín. Ojú rẹ̀ wálẹ̀.

“Oksana, jókòó. Má bínú.” Ó yíjú sí Signy. “Ta ló fi èyí ránṣẹ́?”

“Èmi ni.”

“Wò ó dáadáa.”

Àká ti kọ orúkọ sí i: Lorne Fehr. Ọjọ́ òní. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Signy sáré padà sídìí fáìlì rẹ̀. Ìlà náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ tábìlì náà.

Kó, kó.