Wọ́n Ní Bílíkísù Ti Ya Wèrè

Ogun abẹ́lé ti parí, owó epo ti dé, ilé tuntun sì ń yọ káàkiri Onitsha. Àmínát àti ọkọ rẹ̀, Yúnúsà, ń ta ẹ̀wà ní Relief Market. Bílíkísù, àkọ́bí wọn, ló máa ń bá wọn pàtẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ náà ká jọ sórí ẹní.

"Màámi, inú ń run mí!"

Ó bì, ó tún bì. Àmínát wò ó tìfura-tìfura. "Ṣé kì í ṣe pé o lóyún?"

"Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò lóyún!"

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn kan wà lẹ́yìn fèrèsé tí wọ́n fẹ́ pa òun. Rosaline, aládùúgbò wọn, ń kí wọn pẹ̀lẹ́ ní èdè Igbo, "Ndo, ndo," láti ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ jáde.

Yúnúsà sáré ra oògùn oorun ní Nkpor. Bílíkísù lò ó, ó sùn. Nígbà tó jí, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n tún fún un. Apá rẹ̀ méjèèjì wá rọ.

"Ìyá Bílíkísù, wèrè ni," Yúnúsà ní. "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn tó ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de wèrè."

"Bàbá Bílíkísù, ọmọ tí kò lè gbé apá, kí ni wọ́n fẹ́ dè lára rẹ̀? Ọsibítù la ń lọ."

Ní ọsibítù, Dókítà Adélàjà bi wọ́n pé, "Kí ló kọ́kọ́ ṣe é?"

"Orí rẹ̀ ló dàrú," Yúnúsà dáhùn.

"Rárá o," Àmínát já lu ọ̀rọ̀ náà. "Inú ló kọ́kọ́ run ún. Ìtọ̀ rẹ̀ náà sì dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́."

Dókítà dìde. "Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Oògùn wo lẹ ti fún un?"

Yúnúsà yọ páálí oògùn náà lápò.

"Ẹ má fún un mọ́! Èyí lè pa á."

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, dókítà ṣàlàyé: "Iṣẹ́ kan wà tí ara máa ń ṣe kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ́n. Ara Bílíkísù kì í ṣe é parí. Èyí tó ṣẹ́ kù ló ń di májèlé, tó ń ta á nínú, tó sì ń da orí rẹ̀ rú. Oògùn oorun yẹn ló tún mú kó pọ̀ sí i. Àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n, inú ẹbí ló sì máa ń rìn. Bó bá ní àbúrò, ẹ mú un wá ká yẹ̀ ẹ́ wò."

Wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára láti dín májèlé náà kù. Àmínát kò gbójú kúrò láyà rẹ̀, ó ń wò bóyá ó ṣì ń mí. Yúnúsà kò lè jókòó.

Díẹ̀díẹ̀, orí ọmọ náà wálẹ̀. Ó béèrè omi, ó sì pe ìyá rẹ̀ lórúkọ tó máa ń pè é. Apá rẹ̀ kò tíì le dáadáa. Kò tíì lè gbé igbá ẹ̀wà.

Ẹ̀yin òbí, bí ìwà ọ̀dọ́ bá ṣàdédé yí padà, ẹ má fi orúkọ wèrè pè é. Ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù. Bí inú bá ń run ún, tó ń bì, tí ìtọ̀ rẹ̀ yí àwọ̀, tàbí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà, títí kan èyí tó ń tì yín lójú. Ẹ má ra oògùn oorun fún un fúnra yín. Ẹ má sì de ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀: ẹni tí àìsàn rẹ̀ jẹ́ ti ọpọlọ gan-an, ìtọ́jú ló nílò.